Ẹni Tí Kò Rán Ìwé Wá: Bí Ìjọ Ṣe Ń Mọ Ẹni Tí Yóò Gbàdúrà Fún

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá. Bí ìjọ bá kúnlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, orúkọ ta ni wọ́n ń dá, ta ló sì ní kí wọ́n dá a? Ní Òṣogbo àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà níhìn-ín, ọ̀nà mẹ́ta ni mo rí: ìwé, ẹ̀bẹ̀ àti ìran.

Ìwé ni kí a fi ṣáájú. Ìjọ Áńgílíkà jogún Ìwé Àdúrà 1662 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí Àjàyí Crowther wà lára àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Nínú ìsìn òwúrọ̀, ọba ló kọ́kọ́ kàn, ìdílé ọba tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà bíṣọ́ọ̀bù, àlùfáà àti ìjọ. Bí àwọn bàbá wa ṣe ń gbàdúrà fún ọba tó wà ní London nìyẹn, kí Nàìjíríà tó fi ààrẹ rọ́pò ọbabìnrin ní 1963. Ẹ má ṣe rò pé orúkọ inú ìwé kò já mọ́ nǹkan kan. Ní July 4, 1776, ìgbìmọ̀ Christ Church ní Philadelphia, Amẹ́ríkà, pinnu pé àwọn ò gbàdúrà fún ọba Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Jacob Duché, àlùfáà wọn, sì fi gègé pa orúkọ ọba rẹ́ nínú ìwé àdúrà wọn.

Ẹ̀bẹ̀ ló kàn. Nínú ìwé 1662 kan náà, àdúrà kan wà fún onírúurú ènìyàn. Níbi tó ti ń tọrọ fún àwọn tí ìpọ́njú bá, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ díẹ̀ láàárín àkámọ́, pẹ̀lú àmì ìràwọ̀ kékeré. Àlàyé àmì náà ni pé ìgbà tí ẹnìkan bá bẹ ìjọ pé kí wọ́n gbàdúrà nìkan ni kí a ka ọ̀rọ̀ náà. Àkámọ́ yẹn ni ilẹ̀kùn tí pélébé ìwé ẹ̀bẹ̀ ń gbà wọlé lónìí: bébà tí a ya, tí a ká, tí a fi lé aṣáájú ìsìn lọ́wọ́ kí ìkéde tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kan fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB. Oṣù aboyún kan ti pé. Ẹnìkan ń lọ gba físà. Ìdílé kan fẹ́ ṣe ìdúpẹ́.

Ìran ni ìkẹta, Iléṣà sì lórúkọ nínú rẹ̀. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn influenza ti 1918, Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye jáde láàárín ìjọ Áńgílíkà ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n gbájú mọ́ àdúrà ìwòsàn. Ní July 1930, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó ti ń wa katakata ojú títì tẹ́lẹ̀, ṣe ìsọjí ní Òkè-Ooye, Iléṣà. Àwọn aláìsàn wọ́ tìrítìrí wá láti ìlú mìíràn. Nínú ìjọ Aládùúrà tó ti inú irú àdúrà bẹ́ẹ̀ dìde, aríran lè dìde láàárín ìsìn kó ní ọ̀rọ̀ wà fún obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn, obìnrin tí kò kọ nǹkan kan, tí kò sì bẹ ẹnikẹ́ni.

Àwọn Aládùúrà ní àdúrà inú ìwé ti gbẹ, pé kò mọ ẹni tó ń sunkún. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo apá kejì. Ẹ̀bẹ̀ àti ìran kì í sábà kọjá ẹni tó wà nínú ìjọ, tàbí tó ní èèyàn níbẹ̀. A sì ń sọ ọ́ pé owó ni kẹ̀kẹ́ ìyìnrere: orúkọ olóyè tó ṣe ìdúpẹ́ ńlá ni a ń pè tòun ti oyè, ti opó á bọ́ sínú “àti àwọn yòókù”.

Ìjọ Kátólíìkì fi òfin dí àlàfo yìí. Orí 534 nínú òfin wọn ti 1983 ní kí àlùfáà ìjọ máa rú ẹbọ Mísà fún gbogbo ọmọ ìjọ rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi àti ọjọ́ àjọ̀dún. Orí 945 sì gbà wọ́n níyànjú láti ṣe Mísà fún ohun tí aláìní ń tọrọ, bí kò tilẹ̀ mú owó wá. Ẹ̀bẹ̀ gbogbo onígbàgbọ́ tí Ìgbìmọ̀ Vatican Kejì dá padà ní 1963 ní ètò pẹ̀lú: Ìjọ, àwọn aláṣẹ àti gbogbo ayé, àwọn tó wà nínú ìnira, ẹ̀yìn náà ni ìjọ tó péjọ tó kan ara rẹ̀. Kì í ṣe ìjọ Kátólíìkì nìkan ló mọ bí a ti ń gbàdúrà fún ẹni tí kò bẹ̀bẹ̀. Nígbà ọdún Ọ̀ṣun ní August, kálukú ló ń gbé ẹ̀bẹ̀ tirẹ̀ lọ sínú igbó Ọ̀ṣun, ṣùgbọ́n gbogbo Òṣogbo ni Àtáọ́ja, ọba ìlú náà, ń wúre fún.

Ẹnìkan lè ní Ọlọ́run mọ gbogbo wa, kí la tún ń dárúkọ sí? Ọlọ́run kò nílò ìkéde; àwa la nílò rẹ̀. Aláìsàn tí a bá dárúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹnìkan á yà kí i lọ́jọ́ Ajé. Ẹni tí a kò dá orúkọ rẹ̀ rí, ìjọ kò ní mọ ilé rẹ̀.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ má ju ìwé nù nítorí ìran, ẹ má sì pa ìran nítorí ìwé. Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan yan ẹnìkan tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò jẹ́ láti wá àwọn tí kò rán ìwé wá. Kó dé Wesley Guild Hospital tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní Iléṣà, lọ́dọ̀ aláìsàn tí ẹbí kò yọjú sí. Kó dé ọgbà ẹ̀wọ̀n. Kó dé ibùdókọ̀. Kó gba àṣẹ lẹ́nu wọn kó tó mú orúkọ wọn wá, kó má sì sọ àìsàn ẹnikẹ́ni ní gbangba. Kí á wá ka orúkọ wọn ṣáájú ti àwa tí a ń dúpẹ́.