Ìgbàgbé Àwọn Àgbà Ilé Wa
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún)



Ọ̀rọ̀ mi lónìí kì í ṣe ti ọ̀nà ọ̀dà tàbí ti omi ẹ̀rọ. Ti àwọn arúgbó tí a fi sílẹ̀ ṣọ́ ilé ni. Bí ìyá àgbà bá gbàgbé ibi tí ó fi kọ́kọ́rọ́ sí, tí ó sì rántí níkẹyìn, ogbó ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín wákàtí kan, tí ìṣirò owó ata tí ó ti ń tà láti ọjọ́ pípẹ́ di ìṣòro fún un, síbẹ̀ tí ó ṣì ń dáná fúnra rẹ̀, ó ti kọjá ogbó lásán, kò sì tíì máa ṣarán. Agbedeméjì ni ó wà. Àwọn kan a máa padà bọ̀ sípò láti ibẹ̀. Àwọn mìíràn a máa tẹ̀ síwájú títí wọn kò fi ní dá ọmọ wọn mọ̀ mọ́.

Ní 1992 ni àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn àti ẹlẹgbẹ́ wọn ní Indianapolis, ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ìwádìí lórí ìṣarán láàárín àwọn àgbà tí ó ti pé 65 ọdún ní Ìdíkàn, ní Ìbàdàn, àti láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Èsì 2001 fi hàn pé lọ́dọọdún, nínú 1,000 àgbà, nǹkan bí 14 ni àrùn náà ń mú ní Ìbàdàn; ní Indianapolis, nǹkan bí 32. Ó dára, ṣùgbọ́n kí a má tíì jó. Wọ́n tún rí i pé àwọn àgbà Ìbàdàn tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó máa ń mú jù.

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo. Díẹ̀díẹ̀ ni í ba àwọn iṣan tín-ín-rín tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ jẹ́. Bàbá tí ó wà lóko kò mọ̀ pé òun ní i. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fún un lóògùn, ọjọ́ tí ara bá ti tù ú ni yóò pa á tì. Àtọ̀gbẹ, tábà àti etí dídi náà ń kópa. Àìkàwé pẹ̀lú, ẹ má bínú, olùkọ́ ni mí.

Ìdánìkanwà ńkọ́? Owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ láti Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù kò lè bá ìyá tàkúrọ̀sọ. Nígbà tí ó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ̀rọ̀ tí kò bára mu, àwọn aládùúgbò a pè é ní àjẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé ilé ìwòsàn ni ó yẹ kí a gbé e lọ.

Mo dábàá pé kí ẹgbẹ́ wa ra ẹ̀rọ ìwọn-ẹ̀jẹ̀-ríru méjì, kí nọ́ọ̀sì kan máa jókòó sí gbọ̀ngán wa ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Kí ẹ̀yin ará ẹ̀yìn odi tó padà, ẹ mú àwọn òbí yín lọ wọn tiwọn.