Ojú Ọjọ́ Kì í Ṣe ti Ọkọ̀ Òfúrufú Nìkan
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn àgbẹ̀ àti àwọn olùkọ́ sọ ní Òmù-Àrán)

Ọ̀rọ̀ òjò ni a bá wá sí ọ̀dọ̀ yín, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹni tí ó bá ti gbin àgbàdo sí òjò àkọ́rọ̀ rí, tí ó rí i tí ó hù, tí ó sì rí i tí oòrùn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pa á, ó mọ ohun tí a ń wí. Irúgbìn ti lọ, owó àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ti lọ, àtúngbìn ni ó kù, bí ó bá rí ohun tí yóò gbìn.

Ohun tí ó ń fa ẹ̀tàn yìí kò fara sin. Afẹ́fẹ́ méjì ni ó ń du ojú ọ̀run ilẹ̀ wa. Ọyẹ́ ń bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, gbígbẹ ni. Èkejì ń ti òkun bọ̀ láti gúúsù, òun ni ó ru omi. Bí oṣù kẹta bá dé, afẹ́fẹ́ òkun a máa gòkè díẹ̀díẹ̀, ìjì a sì ti ìlà-oòrùn gbé òjò líle kan tàbí méjì wá. Inú àgbẹ̀ a dùn, yóò gbé ọkọ́. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ olómi yẹn kò tí ì nípọn tó lókè orí wa. Ó lè fà sẹ́yìn, kí ogún ọjọ́ sì kọjá tí ẹ̀kán omi kan kò kán. Àwọn àgbà wa mọ èyí. Wọ́n ń wo igi tí ó ń rúwé, wọ́n ń wo ọ̀nà tí ìjì gbà, bí lékeléke bá sì wọ̀lú, wọ́n mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn dé. Àwa kò fi ọgbọ́n náà ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dúró ní Òmù-Àrán kò lè rí bí òkun ti gbóná tó, bẹ́ẹ̀ ni ìgbóná òkun wà lára ohun tí ó lágbára jù tí ó ń pinnu bí òjò ọdún yóò ti rí.

Ìdí nìyí tí àwọn orílẹ̀-èdè fi dá ilé-iṣẹ́ ojú ọjọ́ sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1854 ni ìjọba fi iṣẹ́ náà lé ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan lọ́wọ́, FitzRoy ni orúkọ rẹ̀. Ní 1859 ìjì fọ́ ọkọ̀ Royal Charter, ó lé ní 400 ènìyàn tí ó bá a lọ. Nígbà tí ó di 1861, FitzRoy bẹ̀rẹ̀ sí fi wáyà kìlọ̀ ìjì fún àwọn èbúté.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, wọ́n ti ń wọn òjò ní Èkó kí ọdún 1900 tó pé. Ṣùgbọ́n 1937 ni ìjọba amúnisìn kó Nàìjíríà, Gold Coast tí ó di Gánà, Sàró àti Gambia sábẹ́ ilé-iṣẹ́ ojú ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: nítorí ta ni? Kì í ṣe nítorí iṣu Ìgbómìnà. Nítorí ọkọ̀ òfúrufú ni. Láti 1940, nígbà ogun Hitler, wọ́n ń to ọkọ̀ òfúrufú ogun ní Takoradi, wọ́n sì ń gbé wọn fò gba Èkó, Kánò àti Maiduguri kọjá lọ sí Íjíbítì. Awakọ̀ tí ó bá kó sínú ìjì kò ní dé ibi tí ó ń lọ. A kò bínú sí èyí. Ẹni tí ó ń fò gbọ́dọ̀ gbọ́ ìkìlọ̀. Ohun tí ó ń dùn wá ni pé pápákọ̀ òfúrufú ni wọ́n gbé púpọ̀ nínú irinṣẹ́ náà sí, ibẹ̀ náà ni púpọ̀ rẹ̀ sì jókòó sí títí di òní.

Kò tí ì pé oṣù méjì tí a gba òmìnira tí Nàìjíríà fi wọ Àjọ Ojú Ọjọ́ Àgbáyé, ní oṣù kọkànlá ọdún 1960. Ohun ìyàlẹ́nu ni ẹgbẹ́ yìí. Ní àkókò tí Rọ́ṣíà àti Amẹ́ríkà ń ko ohun ìjà sí ara wọn, wọn kò yéé fún ara wọn ní ìròyìn ojú ọjọ́, nítorí ìjì kò mọ ààlà. Títí di òní, ní wákàtí kan náà, káàkiri ayé, ni wọ́n ń tú ròbá ńlá tí ó kún fún afẹ́fẹ́ sókè láti wọn ooru àti ọ̀rinrin ojú ọ̀run. Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀ka kan lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, kí òfin 2003 tó dá àjọ NiMet sílẹ̀. Òfin tuntun sì rọ́pò rẹ̀ ní 2022. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 sì fi ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní ẹ̀sùn kí ó má ṣe dojú rẹ̀ kọ Ìlọrin. Àbújá ni kí ó kọ ọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́, àjọ náà ń ṣiṣẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan ni ó ń gbé ìwé jáde tí ó ń sọ ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́, ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró, iye tí yóò rọ̀, àti ibi tí ọ̀dá yóò gbé ya òjò láàárín. Láti ọdún mélòó kan wá, wọ́n ti ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Yorùbá. Ibo ni ìwé náà wà? Ta ni ó ti rí i ní ọjà Òmù-Àrán? Ní ọdún 2022, wọ́n kìlọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún pé omíyalé ń bọ̀. Síbẹ̀ ó lé ní 600 ènìyàn tí ó kú ní Nàìjíríà, nǹkan bí 1,400,000 sì sá kúrò nílé. Ìkìlọ̀ tí kò dé etí ẹni tí ó ni ewu kò yàtọ̀ sí èyí tí a kò ṣe.

Ọ̀rọ̀ kejì kàn wá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé òjò a máa rọ̀ ní apá kan ọ̀nà kí apá kejì gbẹ. Irinṣẹ́ tí ó wà ní pápákọ̀ òfúrufú Ìlọrin kò lè sọ iye òjò tí ó bọ́ sí oko yín. Ní Ẹ̀sìẹ́, ère òkúta tí ó lé ní 1,000 ni wọ́n kà, wọ́n sì kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún wọn ní 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Bí a bá lè ka ère, a lè ka òjò.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ kò pọ̀: kí ìwé náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọba wa àti ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kí oṣù kẹta tó wọlé, kí rédíò kà á ní Yorùbá tí kò ní àdàlù, kí a sì fi irinṣẹ́ ìwọ̀n òjò sí àwọn ìlú Ìgbómìnà.

Ẹ̀yin olùkọ́, kí ẹ má ṣe dúró de Àbújá. Agolo tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ ṣe déédé, tí inú rẹ̀ gún régé, ti tó. Ẹ gbé e sí gbangba, jìnnà sí igi àti òrùlé. Ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ lójoojúmọ́, kí ọmọ ilé-ìwé kan ti rúlà bọ̀ ọ́, kí ó kọ iye mìlímítà tí omi náà jìn sínú ìwé, kí ó sì dà á nù. Mìlímítà kan jẹ́ lítà omi kan lórí ilẹ̀ tí ó fẹ̀ ní mítà kan níbùú àti lóròó. Bí òjò kò bá rọ̀, kí ó kọ òdo. Òdo náà ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀.