Èéfín Tí Ojú Kò Rí: Gbígbé Ẹnu Sàlẹ́ńsà sí Àárín Ọkọ̀ Mini Àtijọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní èéfín ni ìwà. Bí a bá bò ó mọ́lẹ̀, yóò rú jáde. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà nípa èéfín inú ilé ìdáná. Ṣùgbọ́n èéfín ọkọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ tirẹ̀. Èyí tí ó ń pani nínú rẹ̀, carbon monoxide, kò ní àwọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní òórùn. Ohun tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ rántí nìyí kí ó tó fọwọ́ kan sàlẹ́ńsà ọkọ̀ rẹ̀.

Ọkọ̀ Mini ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àpẹẹrẹ tí ó dára jù lọ. Alec Issigonis ni ó ṣe ètò bí yóò ti rí fún British Motor Corporation. Ọdún 1959 ni ó jáde. Ọdún 2000 ni wọ́n sì ṣe èyí tí ó kẹ́yìn. Gígùn rẹ̀ kò ju mítà 3 àti díẹ̀ lọ, síbẹ̀ ó gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje Monte Carlo ní 1964, 1965 àti 1967. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ fi ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ bí ọkọ̀ ìdíje. Ọ̀kan nínú ọ̀ṣọ́ náà ni pé kí wọ́n mú ẹnu páìpù èéfín kúrò ní apá òsì lẹ́yìn ọkọ̀, kí wọ́n sì gbé e wá sí àárín gbùngbùn.

Lójú ẹni tí ó dúró lẹ́yìn ọkọ̀, iṣẹ́ kékeré ni. Ẹni tí ó bá wo abẹ́ rẹ̀ ni yóò mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Iwájú ni ẹ́ńjìnnì wà, ṣùgbọ́n inú búùtù lẹ́yìn ni bátìrì àti táǹkì epo wà. Nítorí náà, wáyà ńlá ti bátìrì àti páìpù epo ní láti gba abẹ́ ọkọ̀ lọ sí iwájú, ọ̀nà kan náà tí páìpù èéfín ń gbà bọ̀ wá sí ẹ̀yìn. Àpótí bátìrì tún yọ sísàlẹ̀ ní apá ọ̀tún. Bí irin gbígbóná bá fara kan wáyà bátìrì, rọ́bà ara wáyà yóò yọ́, iná sì lè ṣẹ́. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó: ìwọ̀n ni ó gbọdọ̀ ṣáájú ayùn.

Ohun mẹ́ta ni oníṣẹ́ gbọdọ̀ kíyè sí.

Èkíní ni bí a ṣe gbé páìpù kọ́. Ìdábùú ni ẹ́ńjìnnì Mini wà, ó sì máa ń fì síwá sẹ́yìn nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbéra. Yàtọ̀ sí èyí, irin a máa gùn sí i nínú ooru: bí ooru páìpù irin tí ó gùn ní mítà 2 bá fi digírì 300 lé sí i, gígùn rẹ̀ yóò fi nǹkan bíi mìlímítà 7 lé sí i. Bí a bá dè é pinpin mọ́ ara ọkọ̀, yóò là níbi tí ó ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì. Rọ́bà ni kí á fi gbé e kọ́.

Èkejì ni jíjó irin pọ̀. Wẹ́dà kò gbọdọ̀ jó páìpù lábẹ́ táǹkì epo. Kí ó gbé e sí àyè rẹ̀, kí ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, kí ó tú u sílẹ̀, kí ó sì lọ jó o níbi tí ó jìnnà sí epo.

Ẹ̀kẹta, tí ó ṣe pàtàkì jù, ni ẹnu páìpù. Ó gbọdọ̀ yọ kọjá ara ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn a máa lọ́ yípo lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹnu páìpù bá pin sí abẹ́ búùtù, èéfín lè gba ihò tí ìpẹtà ti jẹ wọ inú ọkọ̀. Carbon monoxide yìí ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju afẹ́fẹ́ oxygen lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 200. Orí yóò kọ́kọ́ máa fọ́ awakọ̀, oorun yóò tẹ̀ lé e; ó sì lè jẹ́ oorun àsùn-ùn-jí. Nítorí náà, kí á fi omi ọṣẹ pa gbogbo oríkèé páìpù nígbà tí ó bá tutù, kí á sì tan ẹ́ńjìnnì ní ìta gbangba. Ibi tí ó bá ń hó, ibẹ̀ ni ó ń jò.

Ẹ má ṣe gbàgbé ará àdúgbò. Òfin Bìrìtéènì ti ọdún 1986 lórí ìlò ọkọ̀ kò fàyè gba títún sàlẹ́ńsà ṣe lọ́nà tí ariwo rẹ̀ yóò fi pọ̀ sí i.

Ẹwà kò burú. Ṣùgbọ́n páìpù tí ó wà ní àárín kò sàn ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ bí ẹni tí ó jókòó sínú ọkọ̀ kò bá délé láyọ̀. Èéfín ni ìwà lóòótọ́: bí oníṣẹ́ bá fi ìwà pẹ̀lẹ́ ṣe é, yóò hàn níbi tí ojú olùwòran kò dé, lábẹ́ ọkọ̀.