Àlùfáà: Ta Ni Ó Ni Orúkọ Náà?

 

Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Mo kọ "àlùfáà" sí ara pátákó. Bàbá kan ní, "Tiwa Mùsùlùmí nìyẹn." Ìyá kan dáhùn láti ẹ̀yìn, ó ní, "Ó tì o! Inú Bíbélì ni mo ti kà á." Díẹ̀ ló kù kí ó di ìjà. Mo ní kí ẹ jẹ́ kí n lọ wádìí rẹ̀. Èsì rèé.

Ọ̀nà jíjìn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ẹ mọ Odò Ọya tí ó ṣàn kọjá ní Jẹ́bà. Bí a bá tọ odò náà lọ sí apá òkè, a ó dé Gao, a ó sì dé ẹ̀bá Timbuktu, ní ilẹ̀ Mali. Ibẹ̀ ni àwọn ẹ̀yà Sọ́ńgáì wà. "Alfa" ni wọ́n ń pe Mùsùlùmí tí ó mọ̀wé, tí ó sì ń kọ́ ènìyàn. Òun náà ni ó wà nínú orúkọ Alpha Oumar Konaré, tí ó ṣe ààrẹ Mali láti 1992 sí 2002. Kì í ṣe ti "Alfa àti Omega" o.

Àwọn oníṣòwò àti àwọn oníwàásù mú ẹ̀sìn Ìmàle àti orúkọ yìí wọ ilẹ̀ wa. Àwọn kan ń pè é ní àáfà, àwọn kan ní àlùfáà. Ọ̀kan náà ni. Iṣẹ́ àáfà ni kí ó kó ọmọ jọ sí ilé kéú, kí ó kọ ọ̀rọ̀ sí wàláà, kí wọ́n sì máa kà á tẹ̀lé e.

Ṣé bàbá jàre nìyẹn? Ẹ dúró ná.

Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, wà lára àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Wọ́n nílò orúkọ fún ẹni bí Áárónì. Wọn kò mú "àwòrò", tí í ṣe olórí ìsìn òrìṣà. "Àlùfáà" ni wọ́n mú. Ìyá náà kò purọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ènìyàn wa lẹ́rú lọ sí Bahia, ní ilẹ̀ Bràsíl. Níbẹ̀ náà, "alufá" ni wọ́n ń pe olùkọ́ ẹ̀sìn wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni bàbá àgbà kan, Licutan, ọmọ Yorùbá. Ẹrú ni òun fúnra rẹ̀. Síbẹ̀ ó ń kọ́ àwọn ẹrú bíi tirẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n fẹ́ fi owó rà á sílẹ̀. Olówó rẹ̀ kọ̀. Nígbà tí ó yá, olówó náà jẹ gbèsè, wọ́n sì ti Licutan mọ́ ẹ̀wọ̀n kí wọ́n lè tà á san gbèsè. Àwọn ọmọ kéú rẹ̀ ń lọ kúnlẹ̀ níbẹ̀ kí ó lè ṣàdúrà fún wọn.

Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25, oṣù kìn-ín-ní 1835, àwọn ẹrú Mùsùlùmí dìde. Wọ́n kọlu ẹ̀wọ̀n náà láti tú u sílẹ̀. Kò ṣeé ṣe. Nǹkan bí 70 nínú wọn ló kú. Inú ẹ̀wọ̀n ni bàbá náà wà ní òru ọjọ́ náà, síbẹ̀ wọ́n dá pàṣán 1,200 fún un.

Nítorí náà, ta ni ó ni orúkọ náà? Mùsùlùmí ló kọ́kọ́ gbé e wá. Onígbàgbọ́ gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì bu ọlá fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yẹ fún jù ni ẹni tí ó mọ̀, tí kò sì fi ìmọ̀ náà pa mọ́ fún ara rẹ̀ nìkan, kódà bí yóò bá jìyà nítorí rẹ̀.

Bàbá, ìyá, ẹ ṣí ìwé yín. Ẹ jẹ́ kí a jọ kọ ọ́: À-lù-fáà.