Ìyá Gina Yashere: Láti Orí Ìtàgé Dé Ojú Tẹlifíṣàn



Nígbà tí apanilẹ́rìn-ín bá dúró síwájú èrò tó ń sín ìyá rẹ̀ jẹ, ta ni yóò bá ìyá náà fèsì? Iṣẹ́ Gina Yashere ni mo fẹ́ fi dáhùn. Bethnal Green, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1974. Ọmọ Nàìjíríà làwọn òbí rẹ̀, ìran Ẹdó. Ìyá rẹ̀ le. Kò fẹ́ kí ọmọ máa rìn kiri, ìwé ni kó dojú kọ, kó lè di dókítà, lọ́yà tàbí ẹnjiníà. Gina tilẹ̀ ṣe ẹnjiníà: ó bá ilé-iṣẹ́ Otis tún lífìtì ṣe kó tó kọjú sí ẹ̀fẹ̀.

Lórí ìtàgé, á yí ohùn padà, ìyá rẹ̀ á sì dé. N kò fojú kéré iṣẹ́ yẹn. Lásìkò tí àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù ń fi orúkọ wọn pamọ́ nílé ẹ̀kọ́ nítorí ẹ̀sín, ó gba ìgboyà kí ènìyàn gbé ohùn ìyá rẹ̀ síwájú òyìnbó. Àmọ́ ẹnì kan péré ló di máíkì mú. Àwọn èrò rí bí ìyá ṣe le. Wọn kò rí owó ilé tó ń dúró dè é, tàbí ẹ̀rù pé ọmọ lè sọnù sílùú onílùú.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, eré Bob Hearts Abishola bẹ̀rẹ̀ lórí CBS ní Amẹ́ríkà. Kó tó bẹ̀rẹ̀, Chuck Lorre àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń gbé eré náà kalẹ̀ kọ́kọ́ pe Gina pé kó wá tọ́ àwọn sọ́nà lórí ọ̀rọ̀ Nàìjíríà. Kò pẹ́ tó fi di ọ̀kan nínú àwọn tó dá eré náà sílẹ̀, tó sì ń kọ ọ́. Detroit nìtàn ti wáyé: Abishola, nọ́ọ̀sì ọmọ Yorùbá, ń tọ́jú Bob, oníbọ̀sẹ̀ tí àìsàn ọkàn gbé dé ọsibítù, Bob sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ.

Lójú tèmi, ìyá kan ṣoṣo orí ìtàgé yẹn ti di obìnrin mẹ́ta: Abishola, Àǹtí Olu, àti ìyá Abishola fúnra rẹ̀. Abishola fẹ́ kí Dele, ọmọ rẹ̀, ṣe dókítà. Ijó ló wu Dele. Ká ní orí ìtàgé ni, ẹ̀yìn ọmọ là bá wà. Níbí, a ti rí Abishola nínú bọ́ọ̀sì lẹ́yìn iṣẹ́, a ti mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ padà sí Nàìjíríà, ó fi òun àti ọmọ sílẹ̀. Nígbà tó bá ní òun kò gbà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Èyí tó wú mi lórí jù ni pé Gina kò ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni nínú eré náà. Kemi ló ṣe, ọ̀rẹ́ Abishola. Ẹni tó ti ń sọ̀rọ̀ ìyá láti ìsàlẹ̀ wá jókòó tì í bí ẹgbẹ́, ó ń bá a sọ̀rọ̀ ọkùnrin, ó ń bá a jiyàn.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà inú eré náà ń sọ Yorùbá láàrin ara wọn, ìtumọ̀ sì wà nísàlẹ̀ àwòrán. Lórí tẹlifíṣàn ńlá Amẹ́ríkà! Òótọ́ ni pé etí wa ń gbọ́ ibi tí ohùn ti yẹ̀. Barry Shabaka Henley tó ṣe Tunde, ọkọ Àǹtí Olu, ọmọ Amẹ́ríkà ni. Ṣùgbọ́n Folake Olowofoyeku tó ṣe Abishola, Èkó ni wọ́n bí i sí, ilé rẹ̀ sì ni Iléṣà. Tó bá wo Bob láìsọ̀rọ̀, kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ pé ó ti sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti àwọn ará Ẹdó náà. Ilé wọn ni Gina ti jáde, ilé Yorùbá ni tẹlifíṣàn fi hàn. Èrè wa ni, àdánù wọn ni, kò sì yẹ ká fi ayọ̀ tiwa bò ó mọ́lẹ̀. Eré náà parí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyá náà gan-an, kó wá ìwé Cack-Handed tí Gina kọ nípa ayé ara rẹ̀ lọ́dún 2021. Mo rọ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kí ẹ kà á kí ẹ tó wo eré náà.