Òórùn Dídùn Inú Ìpara: Ọ̀rọ̀ Ṣókí fún Àwa Ọmọ Yorùbá ní Awada



Ìpara ni mo ń tà. Ọdún méjì ni ìyàwó mi fi lo ọ̀kan nínú wọn tí nǹkan kan kò ṣe é, tí gbogbo ènìyàn sì ń sọ pé ó ń ta sánsán. Nígbà tí ó yá, ọrùn àti abíyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, ó pọ́n, ó sì sú wẹ́wẹ́. A rò pé ooru ni. Àwọn kan tilẹ̀ ní ayé ni. Dókítà awọ ara ní kí a gbé ike ìpara náà wá. Ojú tì mí, nítorí èmi fúnra mi ni mo bù ú láti inú ike ńlá sínú kékeré tí kò ní orúkọ kankan lára. Kò sí ohun tí dókítà lè kà.

Ó là á yé wa pé lọ́fíńdà tí wọ́n ń pò mọ́ ìpara wà lára ohun tí ó máa ń fa irú èyí jùlọ. Kì í ṣe ọjọ́ kìn-ín-ní ni ó máa ń hàn. Ara á máa gbà á títí, ọjọ́ kan ni yóò kà á sí ọ̀tá, láti ọjọ́ náà kín-ún ti tó láti mú ara yún, kì í sì í sábà lọ mọ́. Kí á yẹra fún un ni oògùn rẹ̀.

Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n mo wọ awò ojú mi, mo ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ ara ọjà mi. Mo rí ọ̀rọ̀ gígùn kan lára díẹ̀ nínú wọn: Butylphenyl Methylpropional. Lilial ni àwọn oníṣòwò ń pè é, òórùn òdòdó ni ó ní. Láti 2005 ni ilẹ̀ Yúróòpù ti ní kí wọ́n máa kọ orúkọ rẹ̀ àti ti ohun 25 mìíràn sára ọjà bí ó bá ju ìwọ̀n kan lọ, nítorí ara yíyún. Àyẹ̀wò lára ẹranko tún fi hàn pé ó lè ba agbára ìbímọ jẹ́, wọ́n sì fòfin dè é pátápátá nínú ohun ìṣaralóge láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 2022. Ọjà tí wọn kò lè tà lọ́hùn-ún mọ́, ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ mọ ibi tí ó lè gbà.

Ẹ má sì sọ pé ti ewé àti èso kò ní wàhálà. Limonene inú èèpo ọsàn, bí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ó túbọ̀ ń mú ara yún. Ẹ wá wo bí a ti ń ṣí ike kalẹ̀ lórí àtẹ!

Mo bẹ ẹgbẹ́ wa, kí àwa ọlọ́jà dẹ́kun bíbu ìpara sínú ike aláìlórúkọ. Ẹni tí ó bá ra tuntun, kí ó kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa inú apá lẹ́bàá ìgúnpá, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tí mo rí Lilial lára wọn, mo ti kó wọn kúrò lórí àtẹ. Owó mi ni ó bá a lọ. Ọrùn ìyàwó mi ti jọ̀lọ̀, ìpara tí kò ní lọ́fíńdà ni ó ń lò. Ẹni tí lẹ́tà bá kéré jù fún lójú, kí ó gbé ike rẹ̀ wá sí ìpàdé, àwọn ọmọ wa yóò bá a kà á.