Ìwé Àfọwọ́kọ Tó Sọnù Lẹ́ẹ̀mejì

Ẹni tó bá gba Joju wọ inú ìlú Ọ̀tà yóò rí i lára ògiri pé wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ gàdàgbà pé ilé tàbí ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ ju ọ̀dà lọ. Samuel Johnson, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ní Ọ̀yọ́, kọ ọ́ níbi tó ti ń ṣàlàyé òfin ilẹ̀ pé a kì í ta ilẹ̀. A lè fi ta àlejò lọ́rẹ títí dé orí àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pẹ àti igi obì bá ti wà lórí ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, ti ẹni tó fún un ni wọ́n ṣì jẹ́.

Ìwé tí òfin yìí wà nínú rẹ̀, The History of the Yorubas, kù díẹ̀ kó má dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ní 1897 ni Johnson parí rẹ̀, tó sì fi í rán míṣọ́nnárì kan sí àwọn atẹ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Nígbà tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, dé ọ̀hún ní 1900 tó sì béèrè, wọ́n ní ìwé náà ti sọnù mọ́ àwọn lọ́wọ́, àwọn sì ṣe tán láti sanwó rẹ̀. Èló ni à bá dá lé iṣẹ́ tó lé ní ogún ọdún? Obadiah kò fi pa mọ́ pé ọ̀rọ̀ náà rú òun lójú. Ní 1901 ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú.

Obadiah kó àwọn àkọsílẹ̀ tí olóògbé fi sílẹ̀ jọ, ó sì tún ìwé náà kọ. Ní oṣù kìíní 1916 ó fi í ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi Appam. Ogun ń lọ lọ́wọ́. Àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti padà rí ìdì ìwé náà. Ó dé ọwọ́ atẹ̀wé tán, bébà tún di ọ̀wọ́n gógó. Obadiah kú ní 1920, ìwé jáde ní 1921.

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ní ilẹ̀ Wales, wọ́n ka òfin àtijọ́ wọn sí ti ọba Hywel Dda, ẹni tó kú ní nǹkan bí 950, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀dà tó pẹ́ jù tó ṣẹ́kù kò ju ọ̀rúndún kẹtàlá lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dà tí wọ́n kọ ní ọ̀rúndún kẹrìnlá la òkun dé Boston. Ní 2012, Ilé Ìkówèésí Orílẹ̀-Èdè Wales rà á padà, owó rẹ̀ sì lé ní ìdajì mílíọ̀nù pọ́n-ùn.

Wàyí o, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ rọra mú ìwé Johnson. Ohun tí à ń kà kì í ṣe ìwé 1897, kò sì sí ẹni tó lè tọ́ka sí ibi tí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n parí sí tí ti àbúrò bẹ̀rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, Ọ̀yọ́ ni Johnson mọ̀ dunjú. Ìlú Àwórì ni Ọ̀tà. Ẹni tó bá gbé ojú ewé Johnson lọ bá wọn níbẹ̀ pé òfin wọn nìyí ń fi aṣọ ẹni ẹlẹ́ni wọ̀ wọ́n.

Òfin Àwórì náà dé London ní 1921 yẹn kan náà, láìsí ìrànlọ́wọ́ Johnson. Ìjọba ti gba ilẹ̀ Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, ní Àpápá. Ìdéjọ ni, ọ̀kan nínú àwọn onílẹ̀ Èkó tí orírun wọn jẹ́ Àwórì. Ó bá wọn ṣẹjọ́ dé iwájú ìgbìmọ̀ adájọ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì, ó sì jàre. Ìgbìmọ̀ náà gba ìròyìn tí Adájọ́ Àgbà Rayner kọ ní 1898 wọlé: ẹbí, abúlé tàbí ìlú ló ni ilẹ̀, kì í ṣe ẹnì kan, olórí ló ń bójú tó o, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi fún àlejò bí àwọn àgbà kò bá mọ̀ sí i.